Orúkọ orí lẹ́tà kì í ṣe ẹ̀rí: ìdí tí ímeèlì àti àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú fi ń rí wa mú ní Òkè-Ògùn

“Wọ́n ti ti àkáǹtì yín pa, ẹ tẹ ibí láti ṣí i.” “Ìjọba àpapọ̀ ń pín owó ìrànwọ́, orúkọ yín ti jáde.” “Wọ́n ti gbà yín síṣẹ́, ẹ san owó fọ́ọ̀mù kó tó di ọjọ́ Ẹtì.”

Ó ṣòro ká rí ẹni tó ń lo fóònù láti Ìsẹ́yìn títí dé Kìṣí tí irú ọ̀rọ̀ báyìí kò tíì wọlé sórí fóònù rẹ̀ rí. Òmíràn á gba orí ímeèlì wọlé, òmíràn á gba WhatsApp, òmíràn á wọlé bí àtẹ̀jíṣẹ́ lásán. Ohun kan tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé orúkọ tó wà lókè wọn kì í ṣe orúkọ ẹni tó fi wọ́n ránṣẹ́.

Bí ẹnì kan bá ti kó sí i, ohun tí a sábà máa ń sọ ni pé ojúkòkòrò ló mú un. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe gbogbo òótọ́. Ẹni tó ń wá iṣẹ́ kì í ṣe olójúkòkòrò. Akẹ́kọ̀ọ́ tó ń retí ẹ̀yáwó ìjọba kì í ṣe olójúkòkòrò. Ìyá tó ń bẹ̀rù kí owó èlùbọ́ tó tà lọ́jà má baà há sí báńkì kò ṣe ojúkòkòrò kankan. Èrò tiwa lórí ọ̀rọ̀ yìí ni pé àwọn ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń fi orúkọ wọn lu jìbìtì ní ẹ̀bi tiwọn náà. Àwa ará ìlú gbọ́dọ̀ jáwọ́ nínú fífi orúkọ ṣe ẹ̀rí, àwọn tó ni orúkọ náà sì gbọ́dọ̀ fún wa ní ohun tí a ó fi dá tiwọn mọ̀ yàtọ̀ sí ti olè.

Kò ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀

Ọ̀pọ̀ ló rò pé àwọn ọmọ Yahoo ló dá iṣẹ́ yìí sílẹ̀. Rárá o. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí lẹ́tà ẹ̀tàn ti ń jáde láti ilẹ̀ yìí. Àwọn òpìtàn rí àkọsílẹ̀ ọkùnrin kan tó ń jẹ́ P. Crentsil, tó ti ṣiṣẹ́ rí lábẹ́ ìjọba amúnisìn ní Nàìjíríà. Ó ń pe ara rẹ̀ ní ọ̀jọ̀gbọ́n nínú iṣẹ́ ìyanu, ó sì ń kọ lẹ́tà sí ẹnì kan ní Gold Coast, tí à ń pè ní Ghana lónìí, pé bó bá sanwó, òun á fi agbára òun ṣe é ní oore. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1921 ni wọ́n gbé e dé ilé ẹjọ́ lábẹ́ òfin ìwà ọ̀daràn, abala 419 sì wà lára ohun tí wọ́n fi kàn án. Nọ́ńbà òfin náà ni gbogbo ayé sọ di orúkọ fún gbájúẹ̀ títí dòní.

Láti orí lẹ́tà, ó bọ́ sórí fáàsì. Láàárín ọdún 1995 sí 1998, Emmanuel Nwude àti àwọn ẹmẹ̀wà rẹ̀ gba mílíọ̀nù 242 dọ́là lọ́wọ́ ilé ìfowópamọ́ Banco Noroeste ní orílẹ̀-èdè Brazil. Kí ni wọ́n fi gbà á? Orúkọ. Nwude sọ pé òun ni Paul Ogwuma, ẹni tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ Nàìjíríà nígbà náà, pé iṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú tuntun wà ní Àbújá tí wọ́n lè fi owó sí. Kò sí pápákọ̀ tuntun kankan. Ẹni tí wọ́n tàn jẹ níbẹ̀ kì í ṣe púrúńtù, ọ̀gá àgbà nínú báńkì ni. Àjọ EFCC gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù, Nwude sì gba ìdájọ́ ẹ̀wọ̀n ní ọdún 2005.

Nígbà tó wá di ti ímeèlì, gbogbo wa la gbọ́ ti Ramon Abbas tí wọ́n ń pè ní Hushpuppi. Kóòtù kan ní Los Angeles rán an lẹ́wọ̀n ọdún mọ́kànlá àti oṣù díẹ̀ ní oṣù Kọkànlá ọdún 2022. Lára ohun tí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ń ṣe ni pé wọ́n á wọ àárín ilé-iṣẹ́ méjì tó ń bára wọn ṣòwò, wọ́n á kọ ímeèlì bíi pé ọ̀kan nínú wọn ló kọ ọ́, wọ́n á ní “A ti yí nọ́ńbà àkáǹtì padà o, ibí ni kẹ́ ẹ sanwó sí.”

Ẹ kíyè sí i pé láti ọdún 1921 títí dòní, ohun kan ṣoṣo ni wọ́n ń tà: ìgbẹ́kẹ̀lé tí a ní nínú orúkọ ẹlòmíràn. Ohun èlò ló ń yí padà.

Kí ló dé tó fi rọrùn tó báyìí?

Ẹ jẹ́ ká lọ sí ìdí ọ̀rọ̀. Lọ́dún 1982 ni Jonathan Postel, onímọ̀ kọ̀ǹpútà ọmọ Amẹ́ríkà, kọ ìlànà tí wọ́n ń pè ní SMTP, òun náà sì ni ìpìlẹ̀ ọ̀nà tí ímeèlì ń gbà rìn títí di ìsinsìnyí. Lákòókò yẹn, àwọn tó wà lórí ẹ̀rọ náà kò pọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ onímọ̀ ní fásitì àti ilé ìwádìí. Wọn kò rò pé ẹnikẹ́ni máa fi orúkọ ẹlòmíì kọ̀wé. Nítorí náà, ìlànà náà kò béèrè ẹ̀rí kankan.

Ẹ fi wé ilé ìfìwéránṣẹ́. Bí ènìyàn bá kọ “Gómìnà Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́” sẹ́yìn àpò ìwé, tó lẹ sítáǹbù mọ́ ọn, tó jù ú sínú àpótí, wọ́n á gbé e dé ọ̀dọ̀ yín. Iṣẹ́ ẹni tó ń pín lẹ́tà ni kó gbé e dé, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti wádìí bóyá gómìnà ló kọ ọ́. Bí ímeèlì ṣe rí gan-an nìyẹn. Ibi tí wọ́n kọ “ó ti ọ̀dọ̀” sí, ohun tó bá wu ẹni tó ń kọ̀wé ló lè kọ síbẹ̀. Àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù náà kò jìnnà sí i: olè lè fi orúkọ báńkì ránṣẹ́, kó sì bọ́ sínú ìlà kan náà pẹ̀lú àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tòótọ́ tí báńkì ti fi ránṣẹ́ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní “Ṣebí orí nọ́ńbà báńkì ló ti wọlé” kò fi purọ́.

Àwọn baba wa mọ̀ nípa ewu yìí tipẹ́. Nígbà tí Ọ̀yọ́-Ilé ṣì wà ní pápá ilẹ̀ wa yìí, tí Aláàfin ń ránṣẹ́ sí àwọn ìlú tó wà lábẹ́ rẹ̀, kì í ṣe ẹnu lásán ni ìránṣẹ́ fi ń sọ pé “Ọba ló ní kí n wá.” Ìlàrí ni ọba máa ń rán, wọ́n sì máa ń fá apá kan orí ìlàrí, wọ́n á fi apá kejì sílẹ̀, kí ẹni tó bá rí i lókèèrè ti mọ̀ pé ìránṣẹ́ ààfin ni. Ní ibòmíràn, ọ̀pá ọba ni ìránṣẹ́ máa mú dání. Ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan kò tó, àmì gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Àmì yẹn ni ímeèlì kò ní láti ìbẹ̀rẹ̀, òun náà ni àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Àmì mẹ́ta ló wà. Àkọ́kọ́ ni SPF: ilé-iṣẹ́ á kéde fún gbogbo ayé pé àwọn ẹ̀rọ báyìí báyìí nìkan ló lè fi orúkọ òun ránṣẹ́. Èkejì ni DKIM, èyí tó dà bí òǹtẹ̀ tí wọ́n lù mọ́ ara lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tí ẹ̀rọ ẹni tó gbà á sì lè yẹ̀ wò. Ẹ̀kẹta ni DMARC, tí ilé-iṣẹ́ fi ń sọ pé “Bí ẹ bá rí lẹ́tà tó ń jẹ́ orúkọ mi tí kò ní àmì, ẹ dà á nù.” Ní oṣù Kejì ọdún 2024, Google àti Yahoo sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá ń fi ẹgbẹ̀rún márùn-ún lẹ́tà tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ránṣẹ́ lójúmọ́ gbọ́dọ̀ ní àmì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

Ìgbésẹ̀ gidi nìyẹn, ó sì ti dín àwọn ayédèrú kan kù. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tìtorí rẹ̀ sùn lọ o. Àmì náà ń dáàbò bo orúkọ gan-an ni, kò dáàbò bo èyí tó jọ ọ́. Bí olè bá lọ ra orúkọ ìkànnì tó fi lẹ́tà kan ṣoṣo yàtọ̀ sí ti báńkì, ó lè lu òǹtẹ̀ tirẹ̀ mọ́ ọn kó sì kọjá. Bí wọ́n bá ti jí àkáǹtì ímeèlì ẹnì kan wọ̀, òǹtẹ̀ tòótọ́ ni wọ́n máa fi ránṣẹ́. Àmì yìí kò sì kan WhatsApp rárá, bẹ́ẹ̀ orí WhatsApp ni ọ̀pọ̀ wa wà láti àárọ̀ dalẹ́.

Àpọ̀jù àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò béèrè

Ọ̀rọ̀ kejì wà tó bá eléyìí tan: àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí a kò béèrè, tí wọ́n ń pè ní spam. Ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún ọdún 1978 ni wọ́n ka sí ọjọ́ tí irú rẹ̀ kọ́kọ́ jáde. Gary Thuerk, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà DEC ní Amẹ́ríkà, fi ìpolówó ọjà kan náà ránṣẹ́ sí nǹkan bí irínwó ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Inú bí àwọn ènìyàn, àmọ́ ọjà tà. Láti ọjọ́ náà ni ọ̀nà ti là.

Ìdí tí kò fi tán ni pé kò ná ẹni tó ń ṣe é ní nǹkan púpọ̀. Ẹni tó bá ń polówó ọjà pẹ̀lú mọ́tò àti gbohùngbohùn ní Ṣakí á ra epo, á sanwó dẹ́rẹ́bà. Ẹni tó bá fi mílíọ̀nù kan ímeèlì ránṣẹ́ kò ní ná tó bẹ́ẹ̀. Bí ẹni ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rún bá dà á nù, tí ẹni mẹ́wàá péré dáhùn, ó ti jèrè. Èyí ló fi yàtọ̀ sí olè ìgboro: olè ìgboro gbọ́dọ̀ yan ilé tó máa fọ́, ṣùgbọ́n olè orí fóònù ń kan gbogbo ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń retí ẹni tó máa ṣílẹ̀kùn.

Ewu tó wà nínú àpọ̀jù yìí ni pé ó ń mú kí ojú wa fọ́ sí ìkìlọ̀. Bí ọgbọ̀n àtẹ̀jíṣẹ́ bá wọlé lójúmọ́, tó jẹ́ ti tẹ́tẹ́, ti orin ìpè àti ti ẹ̀yáwó kíákíá, ènìyàn á kàn máa tẹ̀ ẹ́ láìkà á. Inú ariwo bẹ́ẹ̀ ni ayédèrú máa ń sá pamọ́ sí.

Àjọ NCC tó ń mójú tó ilé-iṣẹ́ ìbánisọ̀rọ̀ ti ṣe nǹkan sí ìyẹn láti ọdún 2016. Bí ẹ bá kọ STOP, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí 2442, ó yẹ kí ilé-iṣẹ́ tó ni síìmù yín dáwọ́ ìpolówó dúró. Bí ẹ bá kọ HELP sí nọ́ńbà kan náà, wọ́n á jẹ́ kí ẹ yan irú èyí tí ẹ ṣì fẹ́. Òfin ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni tí ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lù ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 náà fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti kọ̀ kí wọ́n máa fi orúkọ àti nọ́ńbà wa polówó ọjà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí o: STOP lè dá oníṣòwò dúró, kò lè dá olè dúró. Olè kì í tọrọ àṣẹ.

Òfin wà, ṣé ó ń mú ẹni tó yẹ?

Òfin tó de ìwà ọ̀daràn orí ayélujára jáde ní ọdún 2015, wọ́n sì ṣàtúnṣe sí apá kan rẹ̀ ní ọdún 2024. Abala 32 rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ohun tí à ń wí yìí gan-an. Ẹni tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fi àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú wá ọ̀nà àtigba àṣírí ẹlòmíì lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta, tàbí kó san mílíọ̀nù kan náírà, tàbí méjèèjì. Bákan náà ni ti ẹni tó bá ń da spam bolẹ̀ láti fi dí kọ̀ǹpútà lọ́wọ́. Abala 13 mú ọ̀rọ̀ ìwé ayédèrú orí kọ̀ǹpútà, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún mẹ́ta, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní mílíọ̀nù méje náírà. Òfin gbájúẹ̀ ti ọdún 2006 tiẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: láti ọdún méje sí ogún ọdún, láìsí àǹfààní pé kí ènìyàn sanwó dípò ẹ̀wọ̀n.

Òfin kò ṣe wá ní àìní. Ohun tó ń dùn wá ni pé ìròyìn tí EFCC ń gbé jáde máa ń dá lórí ẹni tó lu òyìnbó ní jìbìtì. Ó dáa bẹ́ẹ̀, kí wọ́n máa mú wọn. Àmọ́ nígbà tó bá jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá náírà ni wọ́n gbà lọ́wọ́ ọmọ tó ń wáṣẹ́ ní Òkèhò, ta ló máa fi ẹjọ́ sùn? Owó ọkọ̀ dé ọ́fíìsì tó ń gbọ́ irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ ní Ìbàdàn lè pọ̀ ju owó tó sọnù lọ. Ẹni tí wọ́n lù ní jìbìtì á gbé e mì, ojú á tì í láti sọ ọ́ jáde, olè náà á sì kọjá sọ́dọ̀ ẹlòmíì pẹ̀lú àtẹ̀jíṣẹ́ kan náà. Àwọn jìbìtì kékeré tí a kò kà sí yìí ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́.

Àwọn tó ni orúkọ náà ní ẹ̀bi

Ibí gan-an ni ọ̀rọ̀ wa dá lé. Báńkì máa ń kìlọ̀ fún wa pé ká má tẹ líǹkì tó bá wá láti inú ímeèlì. Ìkìlọ̀ tó dáa ni. Ní ọ̀sẹ̀ kejì, báńkì kan náà á fi ímeèlì ìpolówó ránṣẹ́ tí wọ́n kọ “Ẹ tẹ ibí” sí nínú. Èwo ni ká ṣe nínú méjèèjì? Bí báńkì bá ti kọ́ oníbàárà rẹ̀ láti máa tẹ líǹkì, olè ló ń bá ṣiṣẹ́ láìmọ̀.

Ti ọ́fíìsì ìjọba tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Títí dòní, a ṣì ń rí ìwé ìjọba tó jẹ́ ti tòótọ́, tó ní òǹtẹ̀ àti ìbuwọ́lùwé, tí àdírẹ́sì ímeèlì abẹ́ rẹ̀ sì jẹ́ ti Gmail tàbí Yahoo, bẹ́ẹ̀ àdírẹ́sì tó parí sí .gov.ng wà fún ìjọba, àjọ NITDA ló sì ń bójú tó o, kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kàn lè rà lọ́jà. Bí ojúlówó bá ń lo Gmail, tí ayédèrú náà ń lo Gmail, kí ni ará ìlú fẹ́ fi mọ̀ wọ́n yàtọ̀?

Ẹ tún wo bí ìkéde ìjọba ṣe ń dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ọdún 2020, lákòókò kónílé-ó-gbélé, àtẹ̀jíṣẹ́ kan gba orí WhatsApp kan pé ìjọba ń pín owó fún ará ìlú, kí wọ́n tẹ líǹkì kan kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlòmíì. Ayédèrú ni. Ṣùgbọ́n lákòókò yẹn náà, ìjọba ń pín owó àti oúnjẹ lóòótọ́ fún àwọn kan, kò sì sí ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti lè mọ ẹni tó kàn àti ọ̀nà tí wọ́n ń gbà yàn wọ́n. Ibi tí ìjọba bá ti dákẹ́, olè ló máa sọ̀rọ̀ níbẹ̀.

Bákan náà ló rí pẹ̀lú ẹ̀yáwó akẹ́kọ̀ọ́ tí àjọ NELFUND ń bójú tó. Oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni Ààrẹ Tinubu buwọ́ lu òfin rẹ̀, wọ́n sì ṣí ìkànnì rẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù Karùn-ún. Ọ̀fẹ́ ni ìforúkọsílẹ̀ rẹ̀, orí ìkànnì nelf.gov.ng ni wọ́n sì ti ń ṣe é. Àmọ́ ọmọ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ọ̀rẹ́, tí kò rí ìkéde náà lára ògiri ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀, líǹkì tí wọ́n bá kọ́kọ́ fi ránṣẹ́ sí i ló máa tẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ṣe é dáadáa. Ẹ wo JAMB: ọmọ tó bá fẹ́ forúkọ sílẹ̀ fún ìdánwò á fi nọ́ńbà NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 tàbí 66019. Nọ́ńbà náà wà nínú ìwé ìròyìn, ó wà lórí rédíò, àwọn olùkọ́ náà mọ̀ ọ́n. Olè lè gbìyànjú, àmọ́ ọ̀nà tòótọ́ wà nílẹ̀ tí a lè fi tirẹ̀ wé. Ohun tí à ń béèrè nìyẹn lọ́wọ́ báńkì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àti àwọn àjọ tó ń ran àgbẹ̀ lọ́wọ́: ọ̀nà kan pàtó, tí kò ń yí padà lójoojúmọ́, tí a kéde rẹ̀ ní gbangba, tí ẹni tí kò ní dátà pàápàá lè mọ̀.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi kan Òkè-Ògùn jù

A jìnnà sí ibi tí ọ́fíìsì wà. Ará Ìbàdàn tó bá gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé wọ́n gbà á síṣẹ́ ìjọba lè wọ mọ́tò lọ sí sẹkitéríàtì ní Agodi lọ́jọ́ kan náà, kó béèrè. Ará Ìgànná tàbí Ìgbòho máa fi odidi ọjọ́ kan àti owó ọkọ̀ tó nípọn ṣe é. Jíjìnnà yìí ni olè ń fi ṣòwò. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń sọ pé “ó ku wákàtí mẹ́rìnlélógún”: wọ́n fẹ́ kí ó rọrùn láti sanwó ju láti wádìí lọ.

Lẹ́yìn náà, iṣẹ́ wa ti ń gba orí fóònù. Ẹni tó ń kó kaṣú tàbí àgbàdo láti ẹkùn yìí lọ fún oníbàárà l'Ékòó, orí WhatsApp àti ímeèlì ni wọ́n ti ń dúnàádúrà. Ká ní oníbàárà náà gba lẹ́tà ayédèrú pé nọ́ńbà àkáǹtì ti yí padà, tó sì san owó sí ibi tí kì í ṣe tiwa, ta ló jẹ gbèsè? Ẹrù ti lọ, owó ti lọ, ọ̀rẹ́ ọlọ́jọ́ pípẹ́ ti di ẹjọ́.

Ti orúkọ ìlú tún wà níbẹ̀. Àwọn tó ń hun aṣọ òfì ní Ìsẹ́yìn ń tà fún àwọn ọmọ Yorùbá ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà. Oníṣòwò tòótọ́ tó bá kọ̀wé sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí lókè òkun pé òun wà ní Nàìjíríà, iyèméjì ló máa kọ́kọ́ pàdé. Orúkọ rere sàn ju wúrà àti fàdákà lọ. Nígbà tí ọmọ kan bá jókòó sínú yàrá tó ń fi orúkọ ẹlòmíì kọ lẹ́tà, kì í ṣe òyìnbó nìkan ló ń jà lólè, ó ń ja ahunṣọ tó wà ní ìta kejì lólè pẹ̀lú. Ó yẹ kí àwọn òbí tó ń gbádùra fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ ro ibẹ̀ wò dáadáa.

Ìfura àṣejù náà ní ewu tirẹ̀. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Bí ẹnì kan bá ti jẹ ìyà àtẹ̀jíṣẹ́ ayédèrú, ó lè da èyí tó jẹ́ òótọ́ nù lọ́jọ́ kejì: lẹ́tà ìgbàwọlé ọmọ rẹ̀, tàbí ìkìlọ̀ báńkì pé ẹnì kan ń gbìyànjú láti wọ àkáǹtì rẹ̀. Nítorí náà, “ẹ má gba nǹkan kan gbọ́” kì í ṣe ìmọ̀ràn tó dáa. Ìmọ̀ràn tó dáa ni pé kí ẹ mọ bí a ṣe ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Ohun tí ẹ lè ṣe lónìí

Àkọ́kọ́, ẹ gba ọ̀nà mìíràn wádìí. Bí àtẹ̀jíṣẹ́ bá ní báńkì ló rán òun, ẹ má pe nọ́ńbà tó wà nínú rẹ̀. Èyí tó wà lẹ́yìn káàdì ATM yín ni kí ẹ pè, tàbí kí ẹ rìn dé báńkì. Bí oníbàárà bá ní òun ti yí àkáǹtì padà, ẹ pè é lórí nọ́ńbà tí ẹ ti ní tẹ́lẹ̀, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Bí ẹ bá gba ìmọ̀ràn yìí nìkan, ó tó.

Èkejì, ẹ kọ́ bí a ṣe ń ka àdírẹ́sì ìkànnì. Lẹ́yìn “https://”, ẹ máa kà á lọ títí tí ẹ ó fi dé ìlà dídàgẹ̀rẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ohun tó parí síbẹ̀ ló ni ìkànnì. Bí wọ́n bá ní ti ìjọba ni, tí kò parí sí .gov.ng, ẹ dúró ná, ẹ béèrè, kódà kí “gov” wà láàárín rẹ̀.

Ẹ̀kẹta, PIN yín, nọ́ńbà OTP tó ń wọlé sórí fóònù yín, àti nọ́ńbà mẹ́ta tó wà lẹ́yìn káàdì: kò sí òṣìṣẹ́ báńkì kankan tó yẹ kó béèrè wọn lọ́wọ́ yín. Ẹni tó bá béèrè, olè ni, ì báà pe orúkọ yín àti orúkọ bàbá yín.

Ẹ̀kẹrin, bí ẹ bá rí àmì ọfà méjì lórí ọ̀rọ̀ WhatsApp, ó túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ náà ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Kì í ṣe ẹni tó fi ránṣẹ́ sí yín ló kọ ọ́, ó ṣeé ṣe kó má mọ ẹni tó kọ ọ́. Ẹ má ṣe fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ mọ̀lẹ́bí nítorí pé “bóyá ó jẹ́ òótọ́”.

Ẹ̀karùn-ún, bó bá ti ṣẹlẹ̀, ẹ yára. Ẹ pe báńkì yín lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kí wọ́n ti àkáǹtì náà, kí wọ́n sì kọ̀wé sí báńkì tí owó náà lọ. Ẹ má pa àtẹ̀jíṣẹ́ náà rẹ́, ẹ̀rí ni. Ọlọ́pàá ní ẹ̀ka tó ń rí sí ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ní Àbújá, wọ́n sì ń gba ẹ̀sùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò di dandan kí ẹ rìn dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹ̀yin alága ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tó wà ní Òkè-Ògùn, iṣẹ́ yín ni èyí tó kù. Kò ná yín ní owó ńlá láti lẹ ìwé mọ́ ògiri sẹkitéríàtì àti ọjà lóṣooṣù pé “Ètò ìjọba tó wà nílẹ̀ nìyí, ọ̀fẹ́ ni, ibí ni wọ́n ti ń forúkọ sílẹ̀.” Kò sì ṣòro kí ẹ yan òṣìṣẹ́ kan tí ará ìlú lè gbé fóònù rẹ̀ lọ bá pé “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé òótọ́ ni èyí?” Títí tí ìyẹn á fi wà, bí àtẹ̀jíṣẹ́ kan bá ń da yín lójú rú, ẹ pè wá lórí ètò kí ẹ tó sanwó. Owó ìpè kéré púpọ̀ sí owó tí olè ń béèrè.